Ajá Tí Kò Ní Nọ́ńbà Lára

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ti jìyà ẹnu rẹ̀ rí kò ní gbà. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń rán, a sì máa rán kọ́tìnnì nígbà tí àwọn ìyàwó bá wọ́n. Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì ló fi ṣe ibi iṣẹ́: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tó ń gé aṣọ lórí rẹ̀, dígí tó ga ju ènìyàn lọ, àti ère obìnrin kan tí kò lórí tó máa ń wọ aṣọ sí lára. Bí ẹ bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rí i pé ètè rẹ̀ pa pọ̀ pinpin, nítorí àárín ètè ló ń kó píìnì sí. Ó lè fi píìnì kún ẹnu kó máa bá ènìyàn jà, kí ọ̀kan má sì bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Awakọ̀ ni ọmọ náà, ó ń gbé ẹrù kiri ilé onílé. Àìsàn kan mú un, ilé ìwòsàn gbà á, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí iṣan fi sá pamọ́ ní apá, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n bọ́ sí ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ka ojú abẹ́rẹ́ lára ọmọ tó bí láìní àpá kan. Ọmọ náà kò dìde mọ́. Ẹni tó yẹ kó sin ín ni òun alára sin.

Ohun tí ọmọ náà fi sílẹ̀ kò pọ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀, àti ajá kan, akọ, aláwọ̀ ilẹ̀, àyà rẹ̀ funfun. Láti kékeré ló ti ń tọ́ ọ. Bí ajá náà bá ti bọ́ sí títì nígbà náà, á sá síwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á sì máa ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Dúró dè mí o! Dúró dè mí!" Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ di orúkọ. Dúródemí ló ń jẹ́ láti ìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, lákòókò tí ọkọ̀ ẹrù máa ń dé, ajá yìí a lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, a gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀, a máa retí olówó rẹ̀. Olówó rẹ̀ kú, ó ń retí. Wọ́n sin ín tán, ó ń retí. Àwọn tó wá báni kẹ́dùn ká aṣọ wọn padà sílé, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà gbéyàwó, wọ́n bímọ, orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu wọn. Ajá ṣì ń retí. Ìyá Abẹ́rẹ́ a wo ajá láti ìdí ẹ̀rọ, a sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Àwa méjì la kù." Ìyẹn ló mú kí ajá náà ju ajá lọ lójú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dá méjì bá ṣì ń retí ènìyàn nílé kan, ẹni náà kò tíì lọ tán.

Yàrá iṣẹ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ ní òfin kan. Ohunkóhun tó bá léyín tàbí tó lè kọ́ nǹkan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Òrùka, aago, ẹ̀gbà ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ní láti bọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Aṣọ ọ̀ṣọ́ tó ń dán kò fẹ́ ìyọnu: bí irin bá kọ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, ilà á sá láti orí dé ìsàlẹ̀. Nígbà kan rí, irin okùn ọrùn ajá yìí kọ́ ìrù aṣọ ìyàwó kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí aṣọ wọ̀ fún ìyàwó náà. Látìgbà náà, bí Dúródemí bá ti ń wọ yàrá iṣẹ́, wọ́n á tú okùn ọrùn rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ ìṣó, tòun ti páànù róbótó tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí lára. Bó bá tún ń jáde, wọ́n á so ó padà. Nínú ilé yìí, ìhòòhò ọrùn ni ajá fi ń gbélé.

Dókítà ẹranko tó máa ń gún ajá náà lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, ẹ ti wà níbí náà, ẹ jẹ́ ká fi ṣíìpù sí i lára."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Dókítà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ hàn án. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. "Òun nìyí. Abẹ́rẹ́ la ó fi tì í sábẹ́ awọ, láàárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀. Bí ajá bá sọnù, ẹni tó bá rí i á mú un lọ bá dókítà ẹranko èyíkéyìí. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ra ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà á yọ, wọ́n á fi wá orúkọ yín àti fóònù yín. Ìpè kan péré, ajá ti délé."

"Ó ní nọ́ńbà lọ́rùn."

"Tọrùn lè já, Màmá. Olè lè gé e dànù. Èyí tó wà nínú ara ńkọ́, ta ni yóò bọ́ ọ? Kì í gbó, kì í bèèrè iná mànàmáná, ibẹ̀ ló máa wà títí ajá fi máa kú. Ohun tó kàn fẹ́ ni pé, bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù tàbí ilé, kí ẹ tètè sọ fún àwọn tó ń tọ́jú nọ́ńbà náà."

"Tàbí ẹ fẹ́ máa fi ṣọ́ ibi tí mò ń rìn sí?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o! Kò mọ ọ̀nà ibì kankan. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni, á jẹ́ orúkọ. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé kò ní dùn ún?"

"Bí ìgbà tí èèrà bá géni jẹ. Àbí ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun lẹ tún wá ń sá fún abẹ́rẹ́?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa okùn ajá mọ́ra. "Ọmọ mi, mo ti jókòó wo abẹ́rẹ́ tó. Èyí tí wọ́n fi ran tèmi lọ́wọ́ kò ràn án. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi nìyí. Ẹnikẹ́ni ò ní ti nǹkan bọ̀ ọ́ lára."

Dókítà dá hóró náà padà sínú ike rẹ̀. 

Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ délé, ó ròyìn fún aládùúgbò rẹ̀, aránbàtà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìṣó. Ìṣó bàtà lòun náà máa ń kó sẹ́nu. Àwọn méjèèjì a máa sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ètè pípadé, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń yan ara wọn lódì.

"Ẹ ṣe é re," ni Bàbá Ìṣó wí. "Kí ni ajá tó mọ ilé fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ láago ni?"

"Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á gbé e. Ó gbọ́n ju àwọn oníbàárà yín lọ."

"Háà, ẹ ò purọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìṣó, lábẹ́ píìnì. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun kan wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, tòun ti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yàrá kún, ooru mú. Wọ́n bọ́ òrùka, wọ́n bọ́ aago, ìṣó ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn kún fọ́fọ́; okùn ọrùn ajá wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá ìyàwó ń kígbe pé ìbàdí fún jù, ìyàwó ń kígbe pé kò fún tó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ gba ìpè fóònù, ó jáde lọ gbọ́ ọ, kò ti ìlẹ̀kùn. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà lórí eékún, ó ń fi píìnì mú etí aṣọ nílẹ̀. Ó gbójú sókè wo dígí, ó sì rí ìrù ajá bó ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Ẹnu rẹ̀ kún fún píìnì. Ó lè tu wọ́n dànù o, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ló wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ ìhòòhò sì kún ilẹ̀. Ìwà iṣẹ́ ti di ẹ̀jẹ̀: ó kọ́kọ́ fi èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ mú etí aṣọ tán, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, kó tó dìde. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà náà ni ajá wà. Ó ní kò ní lọ jìnnà.

Títì ṣófo.

Bàbá Ìṣó ti dìde dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tu ìṣó sọ́wọ́. "Ọkọ̀ ẹrù kan ló kọjá, irú èyí tí ọmọ yín ń wà. Ló bá gbá tẹ̀ lé e! Mo ní kí n pè é, ìṣó ń bẹ lẹ́nu mi."

Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán sáré gba títì náà lọ. "Dúródemí! Dúródemí o!" Àwọn tó wà níwájú ń dúró, wọ́n ń wẹ̀yìn wò, wọ́n rò pé àwọn ni ìyá arúgbó náà ń bẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Màmá, ẹ rọra, mo ti dúró." Ọkọ̀ ti lọ. Ajá ti lọ. Okùn ọrùn ajá ń bẹ lára ìṣó, tòun ti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i.

Ó lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tó sọnù sí. Ọkùnrin tó ń bójú tó wọn fi sùúrù bi í.

"Ṣé ó ní ṣíìpù?"

"Kò ní."

"Ó ní nǹkan lọ́rùn?"

"Kò sí lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ní àwọ̀ ilẹ̀. Àyà rẹ̀ funfun."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Ẹ̀yìn irin ni wọ́n wà, aláwọ̀ ilẹ̀ aláyà funfun, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ó ń wo ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wo ojú tirẹ̀. Dúródemí kò sí níbẹ̀.

"Màmá," ni ọkùnrin náà wí, "ìlú tóbi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mú ajá tí wọ́n bá rí he wá síbí. Ọ̀dọ̀ dókítà tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ń lọ. Bí dókítà bá rí nọ́ńbà, á pe olówó rẹ̀. Bí kò bá rí i..." Ó la ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan nínú wọn.

Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri àdúgbò, òjò fọ̀ ọ́ dànù, ó tún lẹ òmíràn. Àmọ́ àdúgbò tirẹ̀ nìkan ló ń lẹ̀ ẹ́ sí. Ta ló mọ̀ pé ọ̀nà ibòmíràn ni ajá gbà? Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ wá sẹ́nu ọ̀nà. Àtẹ̀yìnwá, ọmọ ló ń retí. Ní báyìí, ó ń retí ọmọ, ó ń retí ẹni tó ń bá a retí ọmọ.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ wọlé," ni Bàbá Ìṣó máa ń wí. "Atẹ́gùn yìí ò dáa."

"Mo gbọ́."

Kò ní wọlé.

Òjò lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Obìnrin kan wá bẹ iṣẹ́ kọ́tìnnì, ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ní òdìkejì ìlú. Ìyá Abẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ lọ wọn fèrèsé. Ó ti wọn ti yàrá, ó wà ní pálọ̀, ó na téèpù sókè, nígbà tí nǹkan kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fara tì í lẹ́sẹ̀. Imú tútù kan ti abẹ́ etí yẹ̀rì rẹ̀ wọlé, ó sì sinmi síbẹ̀. Ẹ̀dá kan ṣoṣo láyé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i.

"Dúródemí."

Ìrù lu ilẹ̀ gbà, gbà, gbà.

"Ṣúgà, má yọ Màmá lẹ́nu," ni ìyàwó ilé wí láti ìdí ìdáná. Ó yọjú, ó rí téèpù nílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé ẹ̀rù ajá ń bà yín ni? Kì í géni jẹ."

"Ajá mi nìyí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó ní kó jókòó, kí ọkọ òun dé. Ó fún un lómi, Ìyá Abẹ́rẹ́ ò mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ajá, ajá sì di ojú, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe rọlẹ̀, ajá gbọn ara rẹ̀, ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ nínú ara rẹ̀ pé, Ó ṣì ń retí rẹ̀! Láti ọjọ́ yìí wá, nínú ilé onílé, ó ṣì ń retí ọmọ mi!

Ìlẹ̀kùn ṣí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọlé, tòun ti àpò oúnjẹ rẹ̀, ajá sì fò mọ́ ọn. Ó ń ké, ó ń yí po, ó ń fi ẹnu fa apá aṣọ rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ igbe náà. Láti ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ti gba ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ ọ mọ́.

Ajá náà ti rí ẹni tó ń retí.

Wọ́n sọ fún ọkùnrin náà. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ká ní ènìyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ó ní, "Màmá, ibùdókọ̀ ni mo ti rí i, nínú òjò. Ó ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo mú un lọ bá dókítà. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ra á lẹ́yìn. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ti múra àtipe ẹni tó ni ín. Ká ní nọ́ńbà kan yọ, ilé yín ni ajá yìí ì bá sùn lọ́jọ́ náà."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń wo àárín èjìká ajá, ọkùnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Nǹkan kan ò yọ. Wọ́n kéde, a dúró títí ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀ fi pé. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ni mo bá ní kí wọ́n fi tèmi sí i."

Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti ajá náà nínú àpò. Ìyàwó ilé wò ó, ó yíjú sí ògiri. Ọkọ wò ó pẹ́. "Ọmọkùnrin yìí mà dára o. Ajá inú fọ́tò náà jọ èyí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n Màmá, aláyà funfun pọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà tiyín. Bí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá pe orúkọ yín, màá fi okùn lé yín lọ́wọ́."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹ̀rọ kò lè pe orúkọ tí wọn kò fún un. Síbẹ̀ ó lọ. Ẹni tó bọ́ sómi kì í bèèrè bóyá koríko lágbára.

Ẹ̀rọ náà dún kín-ín lẹ́yìn ajá. Dókítà ka nọ́ńbà, ó wádìí rẹ̀, ó gbójú sókè, kò lẹ́rìn-ín lẹ́nu. "Ti bàbá yìí ni."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ ló ń gún un."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí níwájú adájọ́, kí ni màá tọ́ka sí? Pé àyà rẹ̀ funfun? Bí ẹ bá fẹ́ kóòtù, màá tẹ̀ lé yín. Mi ò kàn lè ṣèlérí ni."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mi orí. "Kí n lọ sọ kí ni? Pé ọkùnrin yìí rí ohun tó sọnù, ó sì bi gbogbo ayé léèrè, èmi ni mi ò jẹ́ kí ajá lè dáhùn?" Ó kọjú sí awakọ̀. "Nígbà tí wọ́n fi sí i lára, ṣé ó ké?"

"Kò ké rárá. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é tán."

"Ó dáa."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wá àárín èjìká ajá, ìka tó lè rí píìnì tó sọnù sínú ìtẹ̀mọ́ra aṣọ. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀, irun àti awọ nìkan ni.

Awakọ̀ ní kó máa wá wò ó nígbàkigbà tó bá wù ú. Ó dúpẹ́. Kò lọ. Ó rán kọ́tìnnì náà, ó rán an dáadáa, ìyàwó ilé ló wá gbé e. Kí ló fẹ́ lọ wò? Kó lọ rí bí ajá ṣe ń retí ẹlòmíràn?

Lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, Bàbá Ìṣó ti ń wo ọ̀nà.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ó dà?"

"Ó wà nílé olówó rẹ̀."

Bàbá Ìṣó tu ìṣó ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́, ó wò wọ́n, ó dà wọ́n sínú agolo. "Ẹ gbọ́, ajá àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Aláwọ̀ ilẹ̀ wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan wá fún yín. Ọ̀dọ̀ dókítà la máa kọ́kọ́ gbà, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i lára kó tó fi ojú kan ilé yín. Ẹni tó máa jí i, á jí wàhálà."

"Nọ́ńbà dára," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ sọ fún àbúrò yín, gbogbo wọn ni kó fi í sí lára, kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan. Kó má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní kò yẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí ẹ fẹ́ mú wá yẹn, Bàbá Ìṣó, ṣé ó mọ ọmọ mi?"

Bàbá Ìṣó wo bàtà tó wà lórí itan rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó wá kó ìṣó láti inú agolo padà sẹ́nu.